Òrìṣà Oko Kì Í Ṣe Oxo

Òkúta ńlá kan ń yípo oòrùn láàárín Máàsì àti Júpítà. Ihò kan wà lára rẹ̀, orúkọ òrìṣà wa sì ni wọ́n fi sọ ihò náà. Ẹ máa bá mi yọ̀ bọ̀, àmọ́ ẹ dúró ná kí ẹ gbọ́ orúkọ tí wọ́n kọ sílẹ̀: Oxo. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé, International Astronomical Union, tí gbogbo ayé ń pè ní IAU, ló fọwọ́ sí i. Àlàyé tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ. Wọ́n ní òrìṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ ni nínú ẹ̀sìn àwọn adúláwọ̀ Brazil, èyí tó ṣẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Yorùbá.

Ta ni òrìṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ tí àwa Yorùbá ní? Ẹ lọ bi ìyá àgbà yín. Òrìṣà Oko ni wọ́n máa sọ fún yín, òrìṣà tí wọ́n ń kọ́kọ́ fún ní iṣu tuntun kí àwọn olùsìn rẹ̀ tó fẹnu kàn án, tí oyin ń jẹ́ ìránṣẹ́ fún, tí ọ̀pá irin rẹ̀ ti ń wá láti ìlú Ìràwọ̀ ní Òkè-Ògùn. Bí ẹ bá yọ àmì ohùn kúrò lórí orúkọ ìlú yẹn, lẹ́tà rẹ̀ àti ti ìràwọ̀ ojú ọ̀run kò yàtọ̀ rárá. Ará Ìràwọ̀ ti dé àárín àwọn ìràwọ̀, orúkọ tó bá dé ibẹ̀ ni kì í ṣe tirẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá di ẹ̀fẹ̀ rèé. Nínú èdè Potogí tí wọ́n ń sọ ní Brazil, lẹ́tà x ni wọ́n fi ń kọ ṣ wa. Ọ̀ṣun di Oxum lọ́wọ́ wọn, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì di Oxóssi. Ẹni tó bá fi ẹnu Brazil ka Oxo, oṣo ló máa pè é. Ẹ̀yin náà mọ ẹni tó ń jẹ́ oṣó lọ́dọ̀ wa. Láyé àtijọ́, Òrìṣà Oko ni wọ́n máa ń gbé ẹjọ́ ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn lọ bá, pé kó ya aláìṣẹ̀ sọ́tọ̀ lára ẹlẹ́ṣẹ̀. Adájọ́ yẹn ló wá di oṣó lójú ọ̀run. Ẹ rẹ́rìn-ín, mo fún yín láàyè. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀.

Òrìṣà Oko nìkan kọ́ ló ṣẹlẹ̀ sí. Lára òkúta kan náà, ihò mìíràn wà tó fẹ̀ ní kìlómítà 260, òun ló fẹ̀ ṣìkejì nínú gbogbo ihò ibẹ̀. Yalode ni wọ́n pè é, wọ́n sì kọ ọ́ pé òrìṣà obìnrin ni ní Dàhómì, tí àwọn obìnrin ń bọ lásìkò ìkórè. Ìyálóde ni o. Lóòótọ́, a máa ń fi Ìyálóde ki Ọ̀ṣun, nítorí náà mi ò ní sọ pé irọ́ pátápátá ni wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n oyè ni Ìyálóde lọ́dọ̀ wa. Ẹfúnṣetán Aníwúrà jẹ ẹ́ ní Ìbàdàn, ó sì ní oko ńláńlá kí wọ́n tó pa á ní 1874. Tinúbú jẹ ẹ́ ní Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá ka ìlà kan tí IAU kọ kò lè mọ̀ láéláé pé obìnrin ẹlẹ́ran ara, tó ń ṣòwò, tó ń bá àwọn ológun jiyàn níwájú gbogbo ìlú, ló ń jẹ́ orúkọ yẹn. Àwọn ará Ìgbò náà gba tiwọn: Ifejioku wọn, tó ni iṣu, ti di Fejokoo.

Mi ò kọ èyí láti bú IAU. Ìlànà tí wọ́n fi lélẹ̀ fún òkúta yìí dára: orúkọ àwọn òrìṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ọdún ìkórè láti gbogbo ayé ni kí ihò àti òkè ibẹ̀ máa jẹ́. Ẹni tó bá ń wá orúkọ, inú ìwé ló máa wá a sí, ohun tó bá bá nínú ìwé ló sì máa mú. Ìjà mi wà pẹ̀lú àwa tí a ni orúkọ. A kò kọ ọ́ síbi tí ayé ti lè rí i bó ṣe yẹ. Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni pé nígbà tí wọ́n gbé e lé òkúta ojú ọ̀run tán, a kò bìkítà láti mọ irú òkúta tí wọ́n gbé e lé.

Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí ìròyìn yìí bá dé orí WhatsApp. Apá kan máa fò sókè pé NASA ti gbà fún Yorùbá, pé àwọn baba wa ti mọ gbogbo ojú ọ̀run kí òyìnbó tó jí. Wọ́n á fi àwòrán iná mẹ́ta sí i, wọ́n á pín in fún ẹgbẹ́ mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Apá kejì máa yọ ṣùtì: iná ò sí, epo wọ́n, ẹ ń sọ̀rọ̀ òkúta ojú ọ̀run; èdè wo gan-an lẹ fẹ́ fi ṣe sáyẹ́ǹsì ọ̀hún? Àwọn méjèèjì máa ń bá ara wọn jà lójoojúmọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa béèrè pé, kí ló wà nínú ihò náà?

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè tí wọn ò bi mí.

Orúkọ òkúta náà ni Ceres. Giuseppe Piazzi, àlùfáà Ìjọ Àgùdà kan tó ń wo ìràwọ̀ ní Palermo, ní Sicily, ló rí i ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1801, ó sì fi orúkọ òrìṣà àgbẹ̀ àwọn ará Róòmù sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo orúkọ tó wà lára rẹ̀ fi dá lórí oko. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ rí nínú àwọn òkúta tó pọ̀ rẹpẹtẹ tó yí oòrùn ká láàárín Máàsì àti Júpítà bí ìgbàjá tí obìnrin gbá mọ́ ìdí. Asteroid ni wọ́n ń pe irú òkúta bẹ́ẹ̀, Ceres sì ni nọ́mbà 1 nínú ìwé wọn títí dòní. Òun náà ló tóbi jù. Tí ẹ bá kó gbogbo òkúta inú ìgbàjá yẹn sórí òṣùwọ̀n, Ceres nìkan máa tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ní 2006, IAU fi oyè kún orúkọ rẹ̀, wọ́n ní kó máa jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì aràrá.

Ìbú rẹ̀ tó bíi kìlómítà 940. Tí ẹyẹ bá fò tààrà láti Èkó dé Kánò, kò tíì fò tó ìyẹn. Tí ẹ bá sì gbé Èkó sí etí kan ihò Ìyálóde, Ìgbájọ tí mo ti ń kọ̀wé yìí máa bọ́ sínú ihò náà láì kan etí kejì. Ọjọ́ kan níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi wákàtí mẹ́sàn-án tiwa: òṣìṣẹ́ tó bá wọ ọ́fíìsì ní àárọ̀ ibẹ̀ máa bá àárọ̀ mìíràn pàdé kó tó délé. Ọdún kan níbẹ̀ ju ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ tiwa lọ. Agbára òòfà rẹ̀ kéré gan-an. Àpò sìmẹ́ǹtì kìlógíráàmù 50 tí alábàárù ń kérora lábẹ́ rẹ̀, bíi kìlógíráàmù kan àti ààbọ̀ ló máa rí lọ́wọ́ níbẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún lè gbé e.

Ó dúdú pẹ̀lú. Tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bá bọ́ lù ú ní ìdá 100, bíi mẹ́sàn-án péré ló ń dá padà. Ọ̀dà ojú títì ni kí ẹ fi wé. Kò sì wúwo tó bí òkúta tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ kó wúwo. Omi lítà kan jẹ́ kìlógíráàmù kan. Òkúta líle tí wọ́n ń fọ́ kọ́lé, tí ẹ bá gé e ní ìwọ̀n lítà kan, ó máa tó bíi kìlógíráàmù 2.7. Ti Ceres jẹ́ bíi 2.16. Ìyá tó ń ta gàárì á gbé kóńgò kan lọ́wọ́, láì tíì fi sẹ́nu, á ti mọ̀ pé gàárì náà kò gbẹ. Ohun tí àwọn onímọ̀ ṣe sí Ceres nìyẹn. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n rí i pé òkúta nìkan kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Omi wà níbẹ̀, omi tó ti dì, wọ́n sì ń fojú bù ú pé ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ìwúwo rẹ̀.

Ní 2007 NASA rán ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Dawn jáde. Ó dé ọ̀dọ̀ Ceres ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 2015, ó ń yí i po, ó ń ya àwòrán, títí epo tó fi ń darí ara rẹ̀ fi tán ní 2018. Ihò tí wọ́n pè ní Oxo kò ju nǹkan bíi kìlómítà 10 lọ. Ọ̀kadà á gé e kọjá kí orin mẹ́rin tó tán lórí rédíò. Ṣùgbọ́n ó ń tàn. Lára òkúta tó dúdú bí ọ̀dà yẹn, ihò Occator nìkan, tí iyọ̀ funfun kún inú rẹ̀, ló mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Inú ihò kékeré yìí ni ẹ̀rọ ọkọ̀ Dawn ti kọ́kọ́ rí omi dídì ní gbangba lójú ilẹ̀ Ceres, ìwádìí náà sì jáde ní 2016.

Ẹ fara balẹ̀ síbí yìí o, torí òun ló dùn jù. Omi dídì kò lè pẹ́ níta lórí Ceres. Kò sí afẹ́fẹ́ gidi tó máa bò ó, oòrùn á máa fà á díẹ̀díẹ̀ títí á fi gbẹ dànù. Nítorí náà, tí ẹ bá rí i lójútáyé, ohun kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ hú u jáde: yálà ògiri ihò náà ló ya lulẹ̀, tàbí òkúta kékeré kan ló bọ́ lù ú. Ilẹ̀ dúdú, ohun kan hú u, funfun yọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wa iṣu rí mọ ohun tí mò ń sọ. Wọn ì bá wá gbogbo ojú ọ̀run, wọn ò lè rí ihò tó yẹ Òrìṣà Oko ju ìyẹn lọ. Orúkọ náà bá a mu tán. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ló kù díẹ̀ káàtó, bí àwa sì ṣe mọ̀ nípa rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àwọn baba wa ti mọ gbogbo rẹ̀, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dá lóhùn. Àwọn baba wa wo ojú ọ̀run lóòótọ́. Wọ́n rí ìràwọ̀ ńlá kan tó máa ń sún mọ́ òṣùpá, wọ́n pè é ní Àgùàlà. Àwọn kan ní ajá oṣù ni. Àwọn mìíràn já wọn níyàn pé kì í ṣe ajá oṣù, ó kàn ń bá a rìn ni. Ẹ wò ó dáadáa, àríyànjiyàn sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Ẹnì kan sọ ohun tó rò, ẹlòmíì ní kó tún un wò. Kò sí ẹni tó dúró láàárín ọjà pé àwọn ti mọ gbogbo rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ bọlá fún irú àwọn baba bẹ́ẹ̀, ẹ máa wo nǹkan, ẹ máa wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyangàn tí kò mọ ìwọ̀n ohun tó fi ń yangàn, ariwo lásán ni.

Ìlú tí mo wà yìí mọ iṣẹ́ tí orúkọ tí a kọ sílẹ̀ lè ṣe. Nígbà ogun tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ní nǹkan bí 1878, ìhà Ìgbájọ ni Ìbàdàn pàgọ́ sí, Èkìtìparapọ̀ sì wà ní ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìbọn ńlá tí àwọn Èkìtìparapọ̀ kó wọlé máa ń dún láàárín àwọn òkè wọ̀nyí, ohùn rẹ̀ á máa ró padà: kírìjì, kírìjì. Àwọn tó fi etí ara wọn gbọ́ ọ ló sọ ogun náà ní Kírìjì. Lónìí, òpìtàn ì báà jókòó sí London tàbí Amẹ́ríkà, kò lè sọ̀tàn ogun yẹn kó má kọ Kírìjì. Samuel Johnson, ọmọ Yorùbá, tó wà lára àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti àgọ́ kan sí èkejì títí wọ́n fi fọwọ́ sí àdéhùn ní 1886, jókòó kọ ìtàn náà sínú ìwé. Ìwé náà kò jáde títí di 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀, àmọ́ ó jáde. Ayé kò bọ̀wọ̀ fún Kírìjì ju Òrìṣà Oko lọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló kọ ti Kírìjì, ti Òrìṣà Oko gba Brazil kọjá kó tó dé ọ̀run.

Ẹnì kan máa sọ pé àmì ohùn wa ló ń dá wàhálà sílẹ̀, pé ayé ò lè máa fi ẹ̀rọ kọ òkè-ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ sọ́fítíwíà ni mò ń ṣe jẹun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́mbà tiwọn nínú Unicode, ìyẹn ìwé tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé fi ń mọ lẹ́tà: 1EB9, 1ECD àti 1E63. Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bá kọ orúkọ yín lónìí, ẹni tó ṣe é ló ya ọ̀lẹ. Kọ̀ǹpútà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Tí ẹ bá sì rò pé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ni kò ní gbà, ẹ gbọ́ orúkọ òkúta kan tó wà ní òdìkejì Neptune: Gǃkúnǁʼhòmdímà. Inú èdè àwọn Juǀʼhoansi, àwọn ọlọ́dẹ Namibia, ni wọ́n ti mú un. Ohùn tí wọ́n ń fi ahọ́n ta wà nínú rẹ̀, àmì ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ wà lórí rẹ̀, IAU sì gbà á bẹ́ẹ̀. Àwọn Juǀʼhoansi kò tó ìdá kékeré nínú iye àwa Yorùbá. Ẹ wá sọ fún mi pé àmì orí Òrìṣà Oko ló le jù.

Ó kù àwọn tó ń béèrè pé èdè wo ni a fẹ́ fi ṣe sáyẹ́ǹsì. Ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe àwàdà, torí ó ti wọ inú òfin. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e, kí wọ́n padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí tó sọ ni pé àwọn agbègbè tó lo èdè abínibí jù ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB.

Kí ẹni tó bá gba àlàyé yẹn gbọ́ máa bọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ẹ̀kọ́ pírámárì St. Stephen ní Modákẹ́kẹ́. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ dáadáa. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ọmọ Yorùbá yìí ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, kódà wọn kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Wọ́n ṣe èyí nígbà tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ní láti kọ ìwé sáyẹ́ǹsì lédè Yorùbá fúnra wọn. Ó ti lé ní ọdún 50. Èyí tó kù fún wa lónìí ni ká máa jiyàn bóyá ó ṣeé ṣe.

Nínú ọgbà yunifásítì kan náà, tí wọ́n ń pè ní OAU nísinsìnyí, ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfurufú kan wà láti 1998 tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ náà "ní èdè Gẹ̀ẹ́sì" wà nínú orúkọ rẹ̀ gan-an. Mi ò dá wọn lẹ́bi, iṣẹ́ orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ojú ọ̀run wà nítòsí ara wọn báyìí, ní Ifẹ̀ wa, kò sì sí àfárá láàárín wọn. Ta ló yẹ kó kọ́ ọ? Ẹ má wo ojú ìjọba. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lórí fóònù ni.

Ẹ lọ wo Wikipedia lédè Yorùbá. Ojú ewé tó wà níbẹ̀ nípa àwọn òkúta inú ìgbàjá yìí pọ̀ jọjọ, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ju ìlà kan lọ: òkúta báyìí jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì kékeré nínú ìgbàjá. Ó tán. Ìbú rẹ̀ kò sí níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò sí, ọjọ́ rẹ̀ kò sí, ẹni tó rí i kò sí. Orúkọ lásán ni, bí sàréè tí wọn ò kọ ọjọ́ sí. Ọmọ tó bá ṣí irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ máa rò pé ibi tí ọgbọ́n Yorùbá mọ nìyẹn. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni mo ti kọ fún yín nípa Ceres lókè yìí, Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, ẹ sì yé e. Tí ẹ bá lè kọ ìlà mẹ́wàá nípa bọ́ọ̀lù lóru, ẹ lè kọ ìlà márùn-ún nípa òkúta kan.

Tí kíkọ kò bá tó yín, ẹ wá tiyín rí. Nínú ìgbàjá kan náà, òkúta kan ń jẹ́ Africa, ọ̀kan ń jẹ́ Kenya, òmíràn ń jẹ́ Uganda. Cyril Jackson, tó ń ṣiṣẹ́ ní Johannesburg, ló rí wọn ní 1931 àti 1933, torí ẹni tó bá rí òkúta ló ń dábàá orúkọ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kárí ayé ń rí irú òkúta yìí lónìí nínú ètò kan tó ń jẹ́ International Astronomical Search Collaboration. Wọ́n á fi àwòrán tí awò ńlá Hawaii yà ránṣẹ́ sí yín, ẹ̀yin á máa wá èyí tó ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀ tí kò rìn. Wọn kì í gba owó. Kọ̀ǹpútà kan, dátà àti sùúrù ló gbà. Kí ló dé tí ọmọ Ìgbájọ Polytechnic kan, tàbí ọmọ girama kan ní Ìlá Ọ̀ràngún, kò lè ṣe é?

Òfin orúkọ náà kò le. Kó má ju lẹ́tà 16 lọ, kó má bú ẹnikẹ́ni, kó ṣeé pè. Olóṣèlú àti ológun ò gbọ́dọ̀ gbé orúkọ wọn síbẹ̀ àyàfi tó bá ti pé 100 ọdún tí wọ́n ti kú, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe òfin yẹn. Ògèdèǹgbé, tó kú ní 1910, ti kógo já. Kírìjì náà ti kógo já. Ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí pé Nàìjíríà sọ nǹkan lórúkọ fúnra rẹ̀: ní 2019, nígbà tí IAU ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan mú orúkọ wá, ìràwọ̀ HD 43197 gba orúkọ Amadioha, pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì gba Equiano. Orúkọ Ìgbò ni méjèèjì, wọ́n kọ wọ́n bí àwọn tó ni wọ́n ṣe ń kọ wọ́n. Wọn ò gba ọ̀nà Brazil kọjá.

Tí ẹ bá fẹ́ pín nǹkan kan lónìí, ẹ fi àwòrán iná mẹ́ta yẹn sílẹ̀, kí ẹ pín èyí: Ceres ni òkúta tó tóbi jù nínú ìgbàjá tó wà láàárín Máàsì àti Júpítà. Ihò kan lára rẹ̀ tó fẹ̀ ní bíi kìlómítà 10 ń jẹ́ orúkọ òrìṣà àgbẹ̀ Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Oxo ni wọ́n kọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, omi dídì funfun yọ nínú ihò náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ rí i ní gbangba lára Ceres. Òrìṣà Oko ni kí ẹ máa pè é.

Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì tí ẹ fi ń pín in, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àmì ohùn rẹ̀ pé.